Ta Ló Gbé Písítìnì Linnet?

Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ sí wa láàárọ̀ Sátidé yẹn: tíì tutù, písítìnì Cyril sì pòórá. Kí n má parọ́ fún yín, ti tíì la kọ́kọ́ pariwo lé lórí.

Pauline Hebb, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ló já jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ló yọ wáyà kẹ́tùlù mi? Mo ní ta ló yọ ọ́? Omi tútù ni mo bù sí tíì gbogbo yín! Norman, ìwọ ni, àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi kẹ̀? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni o."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kéèkì sì ti kún ẹnu ẹ báyẹn?"

Mo ṣì ń wá èsì sí ìyẹn nígbà tí a gbọ́ ohùn Cyril Blanchard láti ibi tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Kò pariwo rárá. Ńṣe ló ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bá mi mú un? Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Kíá la gbàgbé ọ̀rọ̀ tíì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ẹni tí kì í ṣe ara wa lè máa rò ó pé kí ló wà nínú irin kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ tí àgbàlagbà á fi fẹ́ sunkún lé e. Bàálù kékeré onírímóòtù ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ní Marlby Fen. Ọwọ́ ara wa la fi ń kàn án láti ara pákó fífúyẹ́. A ó gbé ẹ́ńjìnnì sí i nímú, a ó dúró sórí koríko létí oko bíìtì, a ó sì máa fi rímóòtù darí rẹ̀ lójú ọ̀run. Àwọn ìyàwó wa ní eré ọmọdé ni. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé kan kò lè ní sùúrù rẹ̀.

Cyril ni àgbà wa, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Òun àti Edna, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n jọ kan Linnet, bàálù aláwọ̀ búlúù kan tí apá rẹ̀ gùn. Cyril gé pákó, Edna fi sílíìkì bò ó, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tínrín ya ẹyẹ kékeré kan, ẹyẹ tí wọ́n fi sọ bàálù náà lórúkọ, sí ìdí ìrù rẹ̀. Písítìnì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún tí Edna kú. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà sì ti kógbá wọlé látọjọ́ pípẹ́, a ò rí ẹ̀yà rẹ̀ rà mọ́ níbì kankan. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Cyril ní ń gbé ní Kánádà, gbogbo ìgbà ló sì ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èsì kan náà ni bàbá ń fún un: "Ó di ìgbà tí Linnet ìyá rẹ bá fò lẹ́ẹ̀kan sí i lójú mi. Tó bá ti fò báyìí, mo ń bọ̀."

Ọdún mẹ́rin gbáko la fi wá ẹ̀yà yẹn. A kọ̀wé sí Jámánì. A tú àpótí ìsàlẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn pa. A lọ kí àwọn opó oníbàálù nílé wọn, à ń bá wọn dárò ọkọ wọn, a sì ń yọjú wo gáréèjì. Nígbẹ̀yìn, Gwilym Pritchard, ọkùnrin sísanra kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ló rí i nílé opó kan ní Wales: páálí kékeré tí písítìnì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú láínà, ìyẹn ihò onírin tí písítìnì ń gùn sókè sódò nínú rẹ̀. Wọ́n ti lò ó rí. Òróró lárà tí a máa ń pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì wa ti jóná mọ́ písítìnì náà lára, ó ti pọ́n rúsúrúsú bí inú ìkòkò tíì àtijọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Ọ̀sán Sátidé yẹn gan-an ni Linnet máa fò. Tíkẹ́ẹ̀tì Kánádà ti wà nílẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè ni Cyril ń lọ.

Ìyàwó mi gbé aṣọ tó ń hun sílẹ̀.

Avril kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò tilẹ̀ fẹ́ràn bàálù. Ó kàn máa ń tẹ̀lé mi wá láti jókòó sídìí ilẹ̀kùn ni, kó máa hun súwẹ́tà tí n kò ní wọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe ní Lincoln, bó bá sì ti gbé abẹ́rẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ báyẹn, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti wọ gàù.

"Kí ẹnikẹ́ni má jáde," ló wí.

"Avril, o ti fẹ̀yìn tì o," ni Gwilym fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ojú mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Jókòó."

Gwilym jókòó.

A ò pọ̀ níbẹ̀. Òjò àárọ̀ ti dá àwọn tó kù dúró sílé. Yàtọ̀ sí Avril àtèmi, Cyril wà níbẹ̀, Pauline àti Gwilym náà, àti Desmond Thirkell tó dúró ní kọ̀rọ̀, tó ká apá mọ́yà. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Avril jókòó sí láti àárọ̀.

"Bàbá Cyril," ni Avril wí, "ẹ sọ bó ṣe lọ fún mi."

"Mo ṣí páálí, gbogbo yín sì wò ó. Mo gbé e síbí. Mo lọ gbé Linnet wá láti inú ọkọ̀ mi. Ìgbà tí mo padà dé, páálí wà ní pípadé dáadáa. Mo ṣí i, láínà nìkan ló kù."

"Láínà wà ńbẹ̀?"

"Òun rèé."

Avril gba láínà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú ìbọn. Ó yíjú sí mi.

"Norman, tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lo nǹkan yìí nínú ẹ́ńjìnnì tìẹ, kí lo máa mú?"

"Méjèèjì. Wọ́n jọ ṣe wọ́n fún ara wọn ni. Písítìnì ibòmíì ò lè bá láínà yìí mu."

"Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ tà á ńkọ́?"

"Méjèèjì náà ni. Wèrè wo ló máa ra ọ̀kan?"

"Tó bá wá jẹ́ olè tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì?"

"Á gbé páálí lódindi, á sá lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó dá láínà padà sínú páálí. "Irú olè wo wá ni olè tó ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan?"

 Èmi gan-an rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ọ̀dọ̀ Gwilym ló kọ́kọ́ lọ, nítorí gbogbo wa ti rí i pé àpò kóòtù rẹ̀ wú.

"Kí ló wà nínú àpò ẹ?"

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan ló wú báyẹn?"

"Avril, jọ̀ọ́, jẹ́ ká sọ ọ́ níta."

"Kó o jáde lọ síbo? Bọ́ kóòtù yẹn."

Ojú Gwilym pọ́n bí tòmátò. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó sì yọ sọ́séèjì róòlù mẹ́ta tí ó fi aṣọ ìnujú dì. Pauline fi igbe ta.

"Ẹ gbà mí! Mo ka nǹkan yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì! Èmi tí mo ti ń rò pé orí mi ò pé mọ́!"

"Ebi máa ń pa mí lójú ọ̀nà," ni Gwilym ń wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọkọ̀ rẹ̀ kì í rìn ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó délé. Avril gba róòlù kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e jẹ, ó sì kọjá sọ́dọ̀ Desmond.

Ní tèmi, Desmond ni mo fura sí. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ló ń kó jọ, ẹ́ńjìnnì ilé rẹ̀ pọ̀ ju ṣíbí lọ. Kò láya, kò bímọ, kò sì tíì rìnrìn àjò kọjá etíkun Skegness rí. Òun àti Cyril kì í ṣọ̀rẹ́ rárá lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń jà ní gbogbo Sátidé: lórí òróró, lórí abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù, lórí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wá. Bí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á jà lórí bóyá òjò ni.

"Desmond, lọ́sẹ̀ tó kọjá, o fẹ́ ra ẹ̀yà yìí lọ́wọ́ Cyril."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tà á. Alágídí ni."

"Kí lo sọ nígbà tó ṣí páálí láàárọ̀ yìí?"

"Mo ní ó dọ̀tí. Mo ní ṣé èyí tó dọ̀tí báyìí ló fẹ́ kì bọ inú ẹ́ńjìnnì Edna, kò sì kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó ní kí n lọ jókòó."

"O wá jókòó?"

"Mi ò jókòó fún Cyril rí láyé mi."

"Ta lo rò pé ó mú un?"

Desmond gbé èjìká sókè, ó wo ojú fèrèsé. "Mi ò mọ̀. Ó ṣáà ti sọnù. Ọ̀rọ̀ Kánádà ti tán nìyẹn. Òtútù ibẹ̀ ì bá tiẹ̀ pa á."

Ó tú àpò rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó ní kó tú u: sukudiráfà kékeré kan, ìnujú, àti súìtì míńtì kan tí ìwé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí písítìnì. Mo wo Avril, mo rò pé ọkàn rẹ̀ máa bà jẹ́, ṣùgbọ́n ó kàn mi orí ni. Ó ní kí Pauline mú òun lọ wo kẹ́tùlù.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Wọ́n rántí mi nígbẹ̀yìn!" ni Pauline wí. Mo tẹ̀lé wọn.

Ilé ìdáná wa kò gba ju ènìyàn mẹ́ta lọ, bí ọ̀kan nínú wọn kò bá mí dáadáa. Pákó iná olójú mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n, ló wà nílẹ̀ ibẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ki nǹkan bọ̀. Kẹ́tùlù ńlá nìkan ni wáyà rẹ̀ sùn sílẹ̀ gbọọrọ.

"Kí ni gbogbo wọn?" ni Avril bi mí.

"Fíríìjì nìyí. Ṣájà nìyí, bátìrì rímóòtù Gwilym ló wà lórí ẹ̀."

"Iná ṣájà ti di àwọ̀ ewé. Kí nìyẹn ń sọ?"

"Pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún."

"Tó bá wá di pé o fẹ́ ojú kan níbí ní kíákíá, èwo lo máa yọ?"

"Kẹ́tùlù," ni mo wí, n kò tilẹ̀ ronú.

"Kí ló dé tí o ò yọ ṣájà, nígbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún?"

"Háà! Kí n yọ bátìrì ẹni ẹlẹ́ni? Bí bátìrì bá kú lójú ọ̀run ńkọ́? Bàálù á já lulẹ̀ ni! Mi ò lè gbọ́ irú ẹ̀."

"Pauline, tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

"Ṣájà ni mo máa yọ! Mo ti yọ ọ́ rí, Gwilym fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ènìyàn gidi wo ló ń yọ tíì?"

Avril rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi, o ti bọ́ nínú ẹjọ́. Oníbàálù ni ẹni tí mò ń wá. Padà sọ́dọ̀ Cyril, kí o má sọ ohun tá a sọ fún ẹnì kankan."

Pauline lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó àṣírí tó mọ̀ kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Avril bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ̀lé wáyà kẹta. Wáyà náà gba abẹ́ tábìlì kọjá lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ibi tí ìkòkò oníná ẹgbẹ́ wa wà. Ìkòkò ọbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n omi kúláǹtì, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú mọ́tò, la máa ń dà sínú rẹ̀ báyìí. A ó ju ẹ́ńjìnnì tó ti pọ́n sí i, a ó fi iná pẹ́lẹ́ sè é títí gbogbo òróró lárà tó jóná mọ́ ọn lára á fi ṣí kúrò. Pauline ló kọ ọ́ sára ìdérí rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà pé KÌ Í ṢE ỌBẸ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ sí Gwilym àti ṣíbí rẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé òun ń fọ ẹ́ńjìnnì.

Avril fi ọwọ́ kan ìdérí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ ṣí i, òórùn dídùn kúláǹtì àti lárà sì gba imú wa. Wáyà irin tín-ín-rín kan ni wọ́n so kọ́ etí ìkòkò, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú omi ni písítìnì Linnet wà. Ìlàjì rẹ̀ ti ń dán bí owó fàdákà tuntun.

Mo la ẹnu láti pariwo. Ìyàwó mi fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Dákẹ́. Gbọ́. Ẹni tó gbé e mọ̀ pé màá yẹ àpò wò, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í tọwọ́ bọ ìkòkò yìí. Ibi ìpamọ́ tó dáa ni. Ká ní ó sọ ọ́ sínú omi tútù, tó sì bá tiẹ̀ lọ, ó dọdún tó ń bọ̀ ká tó rí i."

"Kí ló wá dé tó tan iná?"

"Ó wo písítìnì, ó rí i pé ó dọ̀tí. Ó wà nínú omi tó lè fọ̀ ọ́. Ara ẹ̀ ò gbà á kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Norman, láti ọjọ́ tí mo ti ń mú olè, mi ò rí èyí tó dúró fọ ẹrù ẹlẹ́rù rí."

"Ta wá ni nínú wa?"

"Gbogbo yín lẹ lè ya irú wèrè báyìí. Ìwọ náà."

"Èmi kọ́ o!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ìwọ ì bá ti dáná sun ilé."

Ó yọ písítìnì náà jáde, ó fi aṣọ ìnuwọ́ dì í sínú àpò rẹ̀, ó sì dé ìkòkò náà padà bó ṣe wà. A padà sínú yàrá. Cyril ti gbé Linnet sórí itan, ó ń fi ìka rìn lórí ẹyẹ tí Edna yà sí ìdí ìrù rẹ̀.  Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ sọ òtítọ́ jáde, ṣùgbọ́n Avril tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì rọra tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Mi ò rí nǹkan kan. Àgbà ti ń dé. Ó kéré tán, mo bá ọkọ mi ṣe iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún. Mo rí i pé ìkòkò yín ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀, mo sì rò pé ẹ́ńjìnnì Norman ló wà ńbẹ̀. Mo yí iná ẹ̀ dókè pátápátá, mo sì da sódà ìfọṣọ ife kan sí i kó lè mọ́ dáadáa."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, sódà ìfọṣọ gbígbóná a máa jẹ alumíníọ̀mù, irin tí wọ́n fi ṣe ẹ́ńjìnnì wa àti písítìnì rẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Gwilym bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan.

"Sódà! Norman, o ti dọlọ́fọ̀! Jẹ́ n bá ọ wá pósí fún ẹ́ńjìnnì ẹ!"

Desmond kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ti sáré. Àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, a gbọ́ tí aṣọ ìkélé ya, a gbọ́ tí ìdérí ìkòkò dún gbàgà lórí símẹ́ǹtì. 

Nígbà tí a débẹ̀, ó dúró pẹ̀lú wáyà irin òfìfo lọ́wọ́, omi ń kán sí i lára bàtà. Ó wo iná ìkòkò, iná pẹ́lẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tàn ni. Ó wo Avril. Avril tú aṣọ ìnuwọ́, ó sì fi písítìnì náà hàn án.

"Kò sí sódà," ló wí. "Fọkàn balẹ̀. Mo bi yín pé irú olè wo ló ń jí ẹsẹ̀ bàtà kan. Kì í ṣe bàtà ló ń wá, Desmond. Kí ẹni tó ni bàtà má lè jáde nílé ló ń wá. Gbogbo èèyàn ibí ló ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ yìí. Ìwọ nìkan lo ń sọ̀rọ̀ Kánádà."

"Mo máa dá a padà," ni Desmond wí.

"Nígbà wo?"

"Tí bàálù ọjọ́ Mọ́ńdè bá ti gbéra."

Cyril ti dé ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn wa. "Desmond, kí ni mo ṣe ọ́?"

"Ò ń lọ!" Ohùn Desmond fọ́. "Ohun tó o ṣe nìyẹn! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wá síbí ní gbogbo Sátidé wá sọ fún ọ pé o ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Tó o bá lọ, ta ni kí n máa sọ ọ́ fún? Gwilym? Gbogbo ohun tí mo bá sọ ni Gwilym ń gbà!"

"Òótọ́ ló sọ," ni Gwilym wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Pauline ń fi etí aṣọ nu ojú. Ojú tèmi náà ń ta mí, kì í sì í ṣe kúláǹtì ló fà á.

Cyril gba písítìnì lọ́wọ́ Avril. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí i po nínú ìmọ́lẹ̀. 

"O ò fọ ẹ̀yìn ẹ̀."

"Wọn ò jẹ́ n parí ẹ̀!"

"Wáyà irin lo fi so ó. Wáyà irin máa ń ha nǹkan. Òwú là ń lò."

"Òwú? Nínú omi gbígbóná? Cyril, o ò mọ nǹkan kan!"

"Gbé ẹ́ńjìnnì yẹn wá síbí," ni Cyril wí, "kó o wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ìdí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, wọ́n ń jà lórí gbogbo nọ́ọ̀tì. Nígbà tí Cyril fi ọwọ́ yí i fún ìgbà àkọ́kọ́, písítìnì dé òkè láínà, ó sì han bí ìlẹ̀kùn tí kò mu epo. Avril dì mí lápá mú.

"Ó ti bà jẹ́! Ìkòkò yẹn ti bà á jẹ́!"

Àwa oníbàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ohun kan wà tí mo lè kọ́ ìyàwó mi. "Rárá o. Láínà yẹn fún díẹ̀ lókè. Bó ṣe tutù yìí, ó gbọ́dọ̀ ké. Bó bá gbóná tán, á fẹ̀, á sì máa yọ̀ geere. Èyí tí kò bá ké ló ti gbó."

Ọ̀sán ni òjò dá. Ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutọ́, ó wúkọ́, ó sì gbéra pẹ̀lú igbe, òórùn lárà tó ń jó gba gbogbo pápá. Linnet sáré lórí koríko tútù, ó gbé ìrù, ó sì kúrò nílẹ̀. Ó gba òkè oko bíìtì kọjá, ó yípo sọ́nà ṣóńṣó ilé ìjọsìn, oòrùn sì ń gba inú sílíìkì Edna kọjá tí a fi lè ka gbogbo egungun apá bàálù náà.  Omijé ń ṣàn lójú Cyril, kò sì nù ún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí rímóòtù. Desmond dúró tì í létí, ó ń sọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wá fún un, ó sì ń ṣì í sọ. Linnet balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ níwájú ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tán, Cyril tún mú sukudiráfà. A rò pé ó fẹ́ nù ún ni. Ó yọ písítìnì, ó fi ìnujú rẹ̀ nù ún, ó sì sọ ọ́ sínú àpò àyà Desmond. Láínà, ó fi í sínú tirẹ̀.

"Linnet ń bá mi lọ. Láínà náà ń bá mi lọ."

"Kí ni kí n fi písítìnì nìkan ṣe?" ni Desmond bi í. "Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

"Kò wúlò. Tèmi náà ò wúlò láìsí tìẹ. Wọ́n ní pápá wà lẹ́yìn ilé ọmọ mi. Ọjọ́ tó o bá ti ṣe tán láti gbà pé mo mọ ẹ́ńjìnnì jù ọ́ lọ, gbé e wá."

"Tí mo bá wá, irọ́ ẹ ni mo wá já."

"Má pẹ́," ni Cyril wí.

Pauline gbé tíì jáde, ó gbóná tó ń hó yee lẹ́ẹ̀kan yìí, ó sì fún Gwilym ní sọ́séèjì róòlù kan péré. Mo ń ká àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Avril nígbà tí Desmond rọra wá dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ọwọ́ kan bo àpò àyà rẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹyin síbẹ̀.

"Norman," ló wí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí Cyril má bàa gbọ́, "níbo ni wọ́n ti ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà?"

"Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni," ni ìyàwó mi dá a lóhùn, kò sì gbójú sókè. Ó ti padà sídìí súwẹ́tà rẹ̀, ó ń na apá kan súwẹ́tà náà wò mọ́ èjìká Desmond. "Dúró dáadáa. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ le."